Ilé Onítáyà Yésúfù Onígbàjámọ̀

Ẹsẹ̀ Àràmátù kò balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó jáde, ó wọlé, ó tún jáde, ó na ọrùn wo ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ó tún wọlé lọ gbá ilẹ̀ tó ti gbá. Wọ́n ní ilé náà ń bọ̀. Ilé ni o, kì í ṣe mọ́tò, ṣùgbọ́n táyà ló fi ń rìn. Karafáànù ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó tó ń wá epo rọ̀bì kiri ilẹ̀ Gabon ló ń sùn nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó ń padà sí ìlú rẹ̀, kò sì rí bó ṣe máa gbé ilé wọ ọkọ̀ òfuurufú, ló bá tà á lọ́pọ̀ fún Yésúfù, ọkọ Àràmátù.

Kí wá ni onígbàjámọ̀ fẹ́ fi ilé onítáyà ṣe? Gbogbo àdúgbò Venez-Voir ní Libreville ló béèrè, àwọn mìíràn sì fi ẹ̀rín kún un. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ̀yin náà má baà dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ọmọ Kétu ni Yésúfù, irun ló ń gẹ̀. Láti ìgbà tí owó epo ti dé, tí wọ́n ti ń la ojú irin láti èbúté Owendo wọ inú igbó lọ, ibi tí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ sí ni onígbàjámọ̀ ń lọ. Yésúfù á di àlùmọ́gàjí àti abẹ sínú àpò, á tẹ̀lé wọn láti àgọ́ dé àgọ́, oṣù á máa gorí oṣù. Àràmátù tó kó ẹrù láti Kétu wá bá ọkọ nílẹ̀ òkèèrè, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti sú u, kò sì fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé ó ti sú òun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1976 ni ọ̀nà kan wá là. Gaston, ọmọ Gabon tó jẹ́ ọ̀gá àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ní Owendo, ní òun fẹ́ onígbàjámọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa wà lẹ́nu géètì, kí irun orí àwọn èèyàn òun yéé dà bí igbó tí wọ́n ń gé. Àwọn méjì ló ń du àyè náà: Yésúfù, àti Marcellin, ọmọ Pọ́bẹ̀. Gaston ní kí oníkálùkù wá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan kí òun rí i, láti ọ̀sán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣíwọ́, kò sì sí iná mànàmáná lẹ́nu géètì náà. Marcellin ti ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú àtùpà àti àlùmọ́gàjí, inú wọn sì dùn sí i. Bí Yésúfù bá gba àyè náà, yóò máa jáde láàárọ̀, yóò máa wọlé nírọ̀lẹ́ bí ọkọ àwọn ẹlòmíràn. Bí kò bá gbà á, igbó ló tún kàn. Ohun tí Àràmátù ń na ọrùn wò nìyẹn. Ilé onítáyà wulẹ̀ jẹ́ ohun tó gbé e wá ni.

Nígbà tó ń tó ọ̀sán, ariwo sọ nísàlẹ̀ ọ̀nà. Jonah ló dé. Ọmọ Nàìjíríà ni Jonah, láti Ògbómọ̀ṣọ́, onígbàgbọ́ tí kì í pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ. Ilé iṣẹ́ epo kan ló gbà á láti máa tún àwọn iná tó ń ṣẹ́jú lójú òkun ṣe, àwọn tó ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi. Irun tí Yésúfù ń gẹ̀ fún un ló sọ wọ́n di ọ̀rẹ́, èdè wọn sì jọra tó láti fi máa bú ara wọn. Mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ ló fi fa ilé náà wọ àdúgbò, funfun báláú, ó ń mì jẹ̀ǹjẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ó fẹ̀ ju ọ̀nà lọ díẹ̀, ó gbá tábìlì ọlọ́ṣẹ kan dànù, ọlọ́ṣẹ náà kò sì bínú, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Ìyàwó wa," ni Jonah wí bó ti ń sọ̀kalẹ̀, "ẹ wá wo ilé yín. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, fáànù wà níbẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀. Ẹ ò tún ní mọ̀ wá mọ́."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Jonah," ni Àràmátù dá a lóhùn. Ó ti kúnlẹ̀ kó tó rántí pé ọ̀nà ni òun kúnlẹ̀ sí.

Jonah kò tíì tán lọ́rọ̀. Ó tú ohun kan tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé nínú mọ́tò. Pátákó kan ni, kò tó ilẹ̀kùn, gíláàsì wà lójú rẹ̀, àwọn nǹkan dúdú roboto sì tò jọ lábẹ́ gíláàsì náà. Orí iná ojú òkun ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ wọn ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi èyí ta Jonah lọ́rẹ. Ó dè é mọ́ orí ilé náà, ó fa wáyà gba ojú fèrèsé òrùlé sọ̀kalẹ̀, ó fi kan bátìrì méjì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Yésúfù, wo bátìrì wọ̀nyí dáadáa," ni Jonah wí. "Kì í ṣe irú èyí tó ń jí mọ́tò. Ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo. Àwọn wọ̀nyí, iná ilé ni wọ́n wà fún. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mu ún, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ná an. Bí oòrùn bá ti yọ, pátákó yìí á máa bu iná sí wọn nínú, kò ní sinmi. Ẹ ò ní gbé bátìrì lọ sí àdúgbò Glass mọ́ láé."

Tí ẹ bá mọ ìyà Glass, ẹ̀yin náà á bá wọn jó. Igun tí Yésúfù ń gbé ní Venez-Voir kò ní iná, ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ sì ń lo bátìrì. Bí bátìrì bá kú, ó di kó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba iná sí i ní Glass, kó dúró, kó gbé e padà. Àwọn onítakisí kì í fẹ́ rí i rárá, torí pé omi bátìrì ti jẹ ìjókòó ọ̀kan nínú wọn rí, ìròyìn rẹ̀ sì ti kárí ìlú.

"Tí pátákó yìí náà bá kú ńkọ́?" ni Yésúfù béèrè.

"Kò ní kú. Eruku nìkan ni kí ẹ bá mi ṣọ́. Ìyàwó wa, ẹ gbọ́ o, ẹ má jẹ́ kí eruku bò ó."

Àràmátù ní òun ti gbọ́. Gbígbọ́ tó gbọ́ ọ yẹn ló fẹ́ẹ̀ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, kò sí ilé Yorùbá tí wọn kì í ti í bo nǹkan. Tẹlifíṣàn ní aṣọ, rédíò ní aṣọ, fíríìjì wé gèlè bí ìyá àgbà. Ẹni tó ra àga tuntun, orí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ní ṣọ́ọ̀bù ni yóò máa jókòó sí títí àga náà yóò fi gbó lábẹ́ ọ̀rá. Lọ́dún yẹn tí owó ń ṣàn ní Libreville, tí kálukú ní àdúgbò Avéa ń ru tẹlifíṣàn wọlé, Àràmátù ló ń hun ìbòrí fún wọn. Abẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kọ́ ló fi ń hun ún, òwú funfun, òdòdó láàárín, wájawàja létí. Lójú rẹ̀, ohun tó dára tí kò ní ìbòrí, bí ìgbà tí wọn kò náání rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ó jókòó ti iṣẹ́. Ó hun èyí tó dára jù nínú gbogbo èyí tó ti hun rí. Òdòdó sì ní ihò, eruku lè gba ihò wọlé, ló bá rán sátínì aláwọ̀ ewé mọ́ ọn nínú. Yésúfù fúnra rẹ̀ ló gun àkàbà tó so etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Àwọn aládùúgbò dúró sísàlẹ̀, wọ́n ní ó yẹ ẹ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀ tí eruku ọ̀nà rọlẹ̀, Àràmátù á ká aṣọ náà kúrò kí ìrì má baà sọ ọ́ di dúdú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á tún gòkè lọ bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ẹ fọwọ́ bo ẹnu yín, ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù náà dé ibẹ̀.

Ohun tó tàn wọ́n jẹ ni pé bátìrì méjèèjì ti yó kí wọ́n tó dé. Jonah ti gba iná sí wọn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, iná ń tàn, fáànù ń yí, rédíò ń sọ̀rọ̀. Yésúfù á tan iná, á pa á, á tún tàn án, kò sí ohun tó ń wá. Ó gẹ irun fún gbogbo orí tó wà ládùúgbò, àwọn tí irun wọn kò tíì hù dáadáa náà tún wá jókòó. Bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, òun àti Àràmátù á jókòó lábẹ́ fáànù, àwọn èèyàn á máa yọjú lójú fèrèsé wò wọ́n. Inú Àràmátù dùn dé ibi pé ẹ̀rù ń bà á. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí Sátidé dé, ó tún ń bẹ̀ Ẹ́ pé kó má tíì dé.

Sátidé dé ṣá. Jonah fa ilé náà gba etí òkun, wọ́n kọjá Glass, wọ́n dé Owendo. Gbogbo ọ̀nà náà ni Àràmátù gbé aṣọ ìbòrí lé itan, kí afẹ́fẹ́ má baà já a gbà. Jonah gbé wọn kalẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ní òun ní iná láti tún ṣe ní èbúté, pé òun á padà wá nírọ̀lẹ́. Mọ́tò rẹ̀ kò tíì yí igun tán tí Àràmátù ti wà lórí àkàbà. Ọjọ́ ńlá ni, ojú ọ̀gá sì máa wà níbẹ̀. Ó bo pátákó náà, ó fa wájawàja rẹ̀ gún.

Gaston jáde. Ọkùnrin ńlá ni, ó sanra, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, irun orí rẹ̀ sì ti di òkìtì. Ó ní òun lòun máa kọ́kọ́ jókòó. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sinmi pé jọ láti wòran. Yésúfù so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, irun ń já bọ́. Àràmátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, orí rẹ̀ wú. Apá ọ̀tún orí Gaston ti mọ́ tónítóní nígbà tí ohùn ẹ̀rọ náà yí padà. Ó falẹ̀. Ó gé irun mọ́ ẹnu, kò lè tu ú. Ó dákẹ́. Fáànù náà dákẹ́ tẹ̀lé e.

"Ó ti parí ni?" ni Gaston béèrè ní èdè Faransé.

"Kò tíì parí, chef," ni Yésúfù fi Faransé tirẹ̀ dáhùn, Faransé tí Kétu ṣì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Chef ni wọ́n ń pe ọ̀gá níbẹ̀.

Gaston gbé dígí. Ó rí orí méjì lórí ọrùn kan. Ẹ̀rín sọ lẹ́nu géètì. Ẹnì kan nínú wọn ní àlùmọ́gàjí Marcellin kì í kú. Àràmátù gbọ́ ọ. Ó rí igbó, ó rí àpò Yésúfù níbi tó máa ń gbé e sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn bó bá fẹ́ lọ, ó rí ògiri tó ń bá sọ̀rọ̀. Omi dé sí i lójú.

Yésúfù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Ó tú irin tó di orí bátìrì mú láti fi abẹ ha ìpẹtà rẹ̀. Ìdí irin kan náà ni Jonah de gbogbo wáyà mọ́, ti pátákó, ti fáànù, ti ẹ̀rọ. Irin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bátìrì sì wà nílẹ̀.

"Àràmátù, pátákó yẹn ti fọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ kò lókun. "Bá mi gòkè lọ wò ó."

Ó gòkè. Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré ni, oòrùn wà láàárín ọ̀run, kò sí ìkuukùu kan, òrùlé náà ń jó o lẹ́sẹ̀. Ó tú okùn. Ó ká aṣọ náà, ó wo gíláàsì, ó fi ìka tọ ojú rẹ̀. Kò fọ́ níbì kankan.

"Fáànù ń yí," ni Yésúfù pariwo láti ìsàlẹ̀.

Àràmátù rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń kọjá, eruku ń bọ̀, ló bá yára da aṣọ náà padà kó lè sọ̀kalẹ̀.

"Ó ti dúró," ni Yésúfù tún wí.

Obìnrin náà dúró lórí òrùlé. Ó wo aṣọ. Ó ká a díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣí ojú ọmọ tó ń sùn. Ó gbọ́ fáànù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bò ó, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ká a lẹ́ẹ̀kan sí i, fáànù yí. Ó wá yé e. Ojú tì í dé ibi pé ì bá dára kí òrùlé náà gbé e mì, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtìjú yẹn tí ẹ̀rín fi ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí kò rí i dá dúró. Ó lè ká aṣọ náà sínú ìró rẹ̀ kó má sọ nǹkan kan. Ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ ó ki orí bọ fèrèsé òrùlé.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Kò sóhun tó ṣe pátákó. Aṣọ tí mo dà bò ó ni kò jẹ́ kó rí oòrùn. Ebi la fi pa bátìrì láti ọjọ́ yìí."

Yésúfù gbójú sókè wò ó. Irin wáyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bátìrì wà nílẹ̀, fáànù ń yí.

"Èmi ni mo so ó," ló wí. "Àwa méjèèjì ni."

Gaston ní kí ni obìnrin yẹn ń wí lórí ilé. Yésúfù ṣàlàyé fún un, kò fi ẹyọ kan pamọ́, títí dé sátínì. Ojú Gaston kò yí padà. Ó ní aago wà nílé òun tí òun kò tíì rí ojú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó òun ti ra aṣọ fún un. Ó tún jókòó, ó ní kí wọ́n parí èyí tó kù.

Oòrùn nìkan ló parí irun náà. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Láti gíláàsì ni iná ti ń wọ ọwọ́ Yésúfù tààrà, gbogbo ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì ló sì gbàgbé ẹ̀rín, wọ́n gbójú sókè. Ìkuukùu kékeré kan yọ lójú òkun, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Wọ́n ń nawọ́ sí i, wọ́n ń sọ fún Yésúfù pé kó ní sùúrù, ó ń kọjá lọ, etí rẹ̀ ti ń tàn. Ó kọjá, ẹ̀rọ kùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń gé igi ìrókò lulẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún ìkuukùu.

Orí Gaston dán, ó dọ́gba. Ó fọwọ́ pa á, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni òun ń wò. Ó wọlé lọ.

Yésúfù àti ìyàwó rẹ̀ wo ara wọn. Bí ó bá fi oòrùn gẹ irun ní ọ̀sán, kò ní sí iná ní ìrọ̀lẹ́. Ó dá irin padà sórí bátìrì, ó pa fáànù, ó pa ẹ̀rọ tì, ó mú àlùmọ́gàjí rẹ̀. Gbogbo ọ̀sán yẹn, ọwọ́ ló fi ṣiṣẹ́, ó fi oòrùn sílẹ̀ fún bátìrì. Àràmátù jókòó sórí òrùlé pẹ̀lú àkísà tútù. Bí ọkọ̀ bá ti da eruku sókè, á nu gíláàsì náà, á tún jókòó. Oòrùn lù ú lórí, òùngbẹ gbẹ ẹ́, kò sọ̀kalẹ̀. Kò mọ̀ bóyá yóò tó. Ó ń bá pátákó náà sọ̀rọ̀ pé kó mu, kó mu dáadáa, kó dárí jì í. Ó dùn ún pé kò sí ohun mìíràn tí òun lè ṣe, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń ya gágá, nítorí láti ìgbà tó ti dé Libreville, ọjọ́ náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ jọ ṣiṣẹ́ kan.

Oòrùn wọ inú omi. Àwọn òṣìṣẹ́ tú jáde láti ibi iṣẹ́, wọ́n tò dé ìdí géètì. Gaston wá dúró, ó ká apá mọ́ àyà. Jonah náà ti dé, kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Yésúfù na ìka sí ibi tí wọ́n ti ń tan iná, ó fà á sẹ́yìn.

"Ìwọ ni kó o tẹ̀ ẹ́," ló wí fún Àràmátù.

Ó tẹ̀ ẹ́. Iná tàn. Ó mọ́lẹ̀ jáde lójú gbogbo fèrèsé, ó mọ́ sára àwọn ọkùnrin tó tò sílẹ̀, ó mọ́ sára ẹrẹ̀ bàtà wọn. Yésúfù tẹ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dáhùn. Orí kan jókòó, ó dìde, òmíràn jókòó, ohùn ẹ̀rọ kò yí padà. Àràmátù ń gbọn aṣọ ọrùn, ó ń gbá irun, ó ń ṣàlàyé fún Jonah láàárín orí kan àti òmíràn. Jonah rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹnu ọ̀nà mú.

"Ṣebí mo ní kí eruku má bò ó," ló wí.

"Ẹ ní eruku," ni Àràmátù dáhùn. "Ẹ ò dárúkọ aṣọ."

Nígbà tó ku ìwọ̀nba orí díẹ̀, Gaston wọ inú ilé náà. Ó fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì, ó wo fáànù. Ó ní àyè náà ti di ti Yésúfù. Àràmátù fẹ́ fò sókè, kò tíì fò tán tí ọ̀gá náà tún sọ̀rọ̀.

"Bí òjò bá ti dá, àgọ́ yìí máa ṣí. Ọ̀nà Ndjolé là ń lọ, nínú igbó lọ́hùn-ún. Kò sí iná níbẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn wà. Ilé yìí á máa tẹ̀lé wa bí ojú irin bá ṣe ń lọ."

Ọkàn Àràmátù rẹ̀wẹ̀sì lójú ẹsẹ̀. Igbó náà ni. Wọ́n gbà á, igbó. Wọn kò bá gbà á, igbó. Ó mú ìgbálẹ̀, ó kọjú sí igun kan, ó ń gbá ibi tí kò sí irun kankan. Ọkọ rẹ̀ tó ń lọ sígbó láti ọjọ́ yìí, kò bi í rí bóyá ó fẹ́ bá òun lọ, nítorí orí ẹní láàárín ọkùnrin mẹ́fà ló máa ń sùn lọ́hùn-ún.

Yésúfù pa ẹ̀rọ. Ó fi orí tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀ láìgẹ̀ ẹ́ tán.

"Chef, ẹni méjì ni wá," ló wí. "Madame ń bọ̀. Òun ló ń rí sí iná. Bí kò bá sí madame, kò sí irun."

Gaston ní kò burú, pé bẹ́ẹ̀dì náà gba ẹni méjì, òun ti wò ó. Ó jáde lọ.

"Ta ló sọ fún yín pé mo máa lọ?" ni Àràmátù béèrè láti igun. Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.